Sí ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ránṣọ, àti ẹ̀yin tí ẹ ń wọ̀ ọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Adó, ní Ìkọ̀lé, ní Ìjerò, àti níbikíbi tí ọmọ Èkìtì Ilé Uyì bá wà, mo kí yín. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọdún 42 rèé tí mo ti ń fi abẹ́rẹ́ jẹun ní Òkèṣà. Aṣọ ìkómọ ọ̀pọ̀ nínú yín, ọwọ́ mi ló ti jáde. Mo rò pé ìyẹn tó kí n lẹ́nu láti bá yín sọ ohun tó ń dùn mí lọ́kàn.

Ní Oṣù Kejìlá tó kọjá, ọmọbìnrin kan gbé kóòtù onírun kan wá bá mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní kí n gé e kúrú, kí òun lè gbé e kọ́ èjìká lálẹ́ ìgbéyàwó òun. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo fi abẹ fẹ́lẹ́ tú láínì rẹ̀. Aṣọ ni mo rò pé màá bá lábẹ́ irun yẹn. Awọ ni mo bá. Awọ kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì lọ, tí wọ́n fi òwú tín-ínrín gán pọ̀ mọ́ra wọn. Ojú ibi tí eegun ẹ̀yìn ẹran kọ̀ọ̀kan gbà kọjá ṣì hàn, ó dúdú ju ìyókù lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Nígbà tí mo kà á dé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Mi ò tíì dé apá kóòtù.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹran. Mo ń jẹ ẹ́, bàtà awọ ló sì wà lẹ́sẹ̀ mi báyìí. Ọdẹ ni bàbá tó bí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, òjò ò jẹ́ kí wọ́n lè dé ìdí tàkúté onírin wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ tí wọ́n débẹ̀, ẹsẹ̀ ẹtu kan ṣoṣo ni wọ́n bá lẹ́nu irin. Ẹran náà ti fà títí ẹsẹ̀ fi já, ó wọ́ ara rẹ̀ lọ kú sí ẹ̀yìn igbó. Bàbá mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n hú gbogbo tàkúté onírin tí wọ́n ní, wọ́n kó o fún alágbẹ̀dẹ pé kó fi rọ ọkọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé pípa yàtọ̀ sí ìdálóró. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ fà lé yín lọ́wọ́. Irú tàkúté tó ń gbá ẹsẹ̀ mú bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1995 ni àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti fòfin de lílò rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn.

Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú awọ onírun ayé kì í ti inú igbó wá. Wọ́n ń sin ẹran rẹ̀ ni. Ẹran kan wà tí wọ́n ń pè ní mink, ara rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, etí omi ló ń gbé, ó sì mọ̀wẹ̀ bí ẹja. Inú àgò wáyà ni wọ́n ń tì í mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, kò ní fẹsẹ̀ kan omi odò láyé rẹ̀. Á máa lọ, á máa bọ̀ lójú kan náà láti àárọ̀ dalẹ́. Tí irun rẹ̀ bá kún, wọ́n á fi gáàsì pa á. Ní ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ òyìnbó, iná mànàmáná ni wọ́n ń fi sí i lẹ́nu àti ní ihò ìdí, kí ojú ọgbẹ́ má bàa ba awọ jẹ́. Ta ni yóò jẹ ẹran ọ̀hún? Nítorí irun ni gbogbo rẹ̀.

Ní ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ kòrónà, àrùn náà wọ àárín mink ní Dẹ́nmáàkì. Ìjọba ní kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀, ó ju mílíọ̀nù 10 lọ. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n kó wọn sí i. Ó ṣe díẹ̀, àwọn òkú wú, wọ́n sì tún yọ jáde láti inú ilẹ̀. Ilẹ̀ ò gbà wọ́n.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí gan-an ti ń jù ú sílẹ̀. Ọdún 2000 ni wọ́n ti ṣòfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sin ẹran nítorí irun mọ́. Gucci, ilé-iṣẹ́ aṣọ oge ńlá kan ní Ítálì, kéde ní 2017 pé àwọn ò lò ó mọ́. Ísírẹ́lì fòfin de títà á fún oge ní 2021, ìpínlẹ̀ Kalifóníà ní Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní 2023. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ohun tí wọ́n jù sílẹ̀ lọ́hùn-ún, inú bélì òkìrìkà ni yóò gbà dé Ọjà Ọba, tí ẹ̀yin yóò sì máa fi ṣe fáàrí nínú oòrùn Adó.

Ẹ̀yin telọ, ẹ kọ́ bí a ṣe ń dá a mọ̀. Ẹ fi ìka ya irun náà sọ́tọ̀, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Tó bá jẹ́ aṣọ tí wọ́n hun lẹ rí, àtọwọ́dá ni. Tó bá jẹ́ awọ, ẹran ni. Ẹ fa irun díẹ̀ tu, kí ẹ ṣáná sí i: ti ẹran á rùn bí irun orí tó jóná, àtọwọ́dá á yọ́ bí ọ̀rá, á dì kókó. Ẹ sọ òótọ́ rẹ̀ fún oníbàárà yín kí ẹ tó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí a má sì máa wo òyìnbó nìkan. Mo ń rí ewúrẹ́ tí ẹ dì tẹsẹ̀tẹsẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà, tí orí rẹ̀ ń gbá eruku láti abúlé dé Adó. Mo ń rí adìẹ tí ẹ so rọ̀ ní oríkodò lára ọwọ́ ọ̀kadà nínú oòrùn. Abala 495 wà nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà tó de ìwà ìkà sí ẹranko: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn ₦50. Àádọ́ta náírà! Òfin ò lè dá a dúró báyìí, àfi ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ lè gbé ewúrẹ́ jókòó sínú agbọ̀n.

Mo pe ìyàwó ojú ọ̀nà náà, mo fi inú kóòtù hàn án. Ó sunkún. Àrán ni mo fi rán tirẹ̀, àrán aláwọ̀ wáìnì, ó sì wọ̀ ọ́ jó títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́. Kóòtù náà ṣì wà nínú àpò ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun ò gbà á mọ́. Ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ nínú yín tó fẹ́ rí i, kó yà wá lọ́sàn-án ọjọ́ yòówù. Mi ò tíì rán láínì rẹ̀ padà.

Èmi ni,
Ìyá yín telọ,
Òkèṣà, Adó-Èkìtì