Ẹ bèèrè lọ́wọ́ kíláàsì Modákẹ́kẹ́

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí títí mo fi fẹ̀yìntì, ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Alíù Bàbátúńdé Fáfúnwá ló sì mú mi gbé bírò. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025 tí ìjọba àpapọ̀ ti ní Gẹ̀ẹ́sì ni ká máa fi kọ́ ọmọ láti jẹ́léósinmi dé yunifásítì, tí wọ́n fagi lé ìlànà èdè abínibí tí àwọn fúnra wọn fọwọ́ sí ní 2022, mo ń gbọ́ orúkọ bàbá náà lórí rédíò. Wọ́n á ní ó ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ rí. Òótọ́ ni, láti 1990 sí 1992. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí èmi mọ̀ ọ́n mọ́ ti wà nílẹ̀ ní ogún ọdún ṣáájú ìyẹn, nínú kíláàsì kan ní Modákẹ́kẹ́.

Oṣù kìíní ọdún 1970 ni, ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A'. Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn kejì ṣe é bí a ti ń ṣe é níbi gbogbo: Yorùbá ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì ọdún mẹ́ta. Ibi tí wọn kì í sọ lórí rédíò rèé: wọn kò fi Gẹ̀ẹ́sì du àwọn ọlọ́dún mẹ́fà yẹn. Tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́ ló ń kọ́ wọn, bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Ìwé tí wọn kò rí rà, wọ́n jókòó kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dán gbogbo wọn wò, àwọn ọmọ Yorùbá ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn kejì lọ nínú iṣẹ́ mìíràn.

Ẹni tó ṣe èyí kì í ṣe ará oko tó ń sá fún Gẹ̀ẹ́sì o. Ọmọ Èkó ni, Mùsùlùmí tó lọ sí CMS Grammar School, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní New York ní 1955.

Èmi náà dán fífi Yorùbá kọ́ni wò lẹ́ẹ̀kan, ní kíláàsì karùn-ún. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn ọmọ fi ń kọ 'one third, one quarter' lórin. Mo ní èwo ló pọ̀ jù? Wọ́n ní 'one quarter', torí mẹ́rin ju mẹ́ta lọ. Mo bá tilẹ̀kùn. Mo ní: "Bí ẹni mẹ́ta bá pín ìrèké kan, tí ẹni mẹ́rin pín òmíràn, ọ̀dọ̀ àwọn wo lẹ fẹ́ wà?" Ariwo sọ: "Ẹni mẹ́ta!" Ariwo yẹn ló mú olùbẹ̀wò wọlé. Ó bi ọmọ kan léèrè, ọmọ náà gbà á, àmọ́ Yorùbá ló fi dáhùn. Ohun tí olùbẹ̀wò náà kọ sílẹ̀ ni pé mò ń fi fanákúlà, ìyẹn èdè ìbílẹ̀, kọ́ni. Lẹ́tà ìbáwí náà ṣì wà nínú àpótí mi. Ohun tó ń dùn mí ju lẹ́tà lọ ni pé lọ́jọ́ kejì mo padà sí 'one third'.

Ìjọba ní àwọn ọmọ tó ń fi èdè abínibí kàwé ló ń kùnà WAEC. Èwo nínú wọn? Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, n kò rí ilé-ìwé kan tó fi Yorùbá kọ́ni dé kíláàsì kẹfà. Mo gbà pé Modákẹ́kẹ́ kò dáhùn gbogbo ìbéèrè: kíláàsì tí Ígbò, Ẹ̀gùn àti Haúsá ti ń jókòó pọ̀ ń kọ́? Ìyẹn le, ẹ jẹ́ ká jọ rò ó. Ṣùgbọ́n ká má ṣe bí ẹni pé ẹnì kankan kò dán an wò rí.

Mo bẹ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kí wọ́n gbé àwọn ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ fún ìṣirò àwọn ọmọdé lójú ewé kan lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, mo wà nílé, n kò sì ní gbowó.

Èmi ni,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì