Ẹ̀yin Onípákó, Ẹ Sọ Orúkọ Igi Tí Ẹ Ń Tà Fún Wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Káfíńtà ni mí l'Ọ̀fà, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi ìfági jẹun. Lọ́dún tó kọjá ni ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà n'Ílọrin, gbé ìwé àwòrán kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kan apá ọkọ̀ òfurufú." Mo ní ṣé kò sí nǹkan?

Ó ní igi ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò Wright fi kan ọkọ̀ tí wọ́n gbé fò l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1903, aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Ó ní nígbà ogun Hítílà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọkọ̀ ogun kan tí wọ́n ń pè ní Mosquito, igi ló pọ̀ jù lára rẹ̀, àwọn tó ń kan àga àti kọ́bọ́ọ̀dù sì wà lára àwọn tó kàn án. Ibẹ̀ ni mo ti fetí sílẹ̀. Káfíńtà bíi tèmi!

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a fẹ́ fò o. Apá kan ṣoṣo là ń kàn. A ó dà á dojú bolẹ̀, a ó máa to àpò yanrìn lé e títí a ó fi mọ ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún gan-an, kó lọ bá NCAA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú.

Egungun ìhà rẹ̀ ò ni wá lára. Mẹ́rìnlá ti jáde, wọ́n bá ara wọn mu bí ẹyin. Gọ́ọ̀mù funfun tí a fi ń lẹ àga kò ṣeé lò, torí ó máa ń rọ̀ nínú ooru, ó sì máa ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹrù bá pẹ́ lórí rẹ̀. Epoxy la lò. Ọ̀pá gbọọrọ tó gba inú apá náà já láti ìdí dé ṣóńṣó, tó ń gbé gbogbo ẹrù, òun ló sọ mí di ẹni tó ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn.

Igi spruce tó ń hù lápá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ni ìwé pè fún. Arère wa fúyẹ́ bíi tirẹ̀, àmọ́ kò le tó o, ọmọ náà sì tún ìṣirò rẹ̀ ṣe kí ọ̀pá náà lè nípọn sí i. (Onípákó kan ní ká lo igi apá, ó ní ṣebí apá là ń kàn. Ẹni tó bá ti gbé pákó apá lérí rí á ti máa rẹ́rìn-ín.) Igi náà kò gbọdọ̀ ní kókó. Iṣan rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́: nínú ínǹṣì 15, kò gbọdọ̀ yẹ̀ ju ínǹṣì 1 lọ. Ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ.

Mo ra pákó márùn-ún. Ẹni tó tà á búra pé arère ni, pé ó ti gbẹ tipẹ́. Mo gé ínǹṣì 3 lórí ọ̀kan, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn ìyẹ̀fun: gíráàmù 134. A ń tì í bọ ààrò oníbúrẹ́dì àdúgbò wa, a ń yọ ọ́, títí kò fi fúyẹ́ mọ́: gíráàmù 100. Omi gíráàmù 34 nínú igi 100! Èyí tí ìwé gbà kò ju 15 lọ. Owó omi ni mo san. Nígbà tí mo wá fi ìfági kan méjì nínú wọn, wọn ò rùn bí arère ṣe ń rùn. Títí di òní, n ò mọ igi tí wọ́n jẹ́.

Omi inú igi yìí kan náà ló ń mú kí ilẹ̀kùn wa há lójò, kó sì lanu sílẹ̀ bí ọyẹ́ bá dé, káfíńtà ni wọ́n sì ń bú. Ẹ̀yin onípákó, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ igi àti oṣù tí ẹ là á sí orí pákó. Ẹ fi igi wẹ́wẹ́ sáàárín wọn, ẹ tò wọ́n sábẹ́ páànù, ẹ yé tò wọ́n sílẹ̀ lẹ́bàá títì nínú òjò. Bí ẹ bá fowó lé e, a ó san án.

Mẹ́ta tó jẹ́ arère wà lórí àjà ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Omi inú wọn ti wálẹ̀ sí 19 nínú igi 100. Ìyàwó mi ní kí n dá òṣùwọ̀n òun padà.

Èmi ni,
Bàbá Káfíńtà,
Ọ̀fà.