Ọmọ tó di ẹja gbígbẹ mọ́ àyà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Aránṣọ ni mí ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Àkábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Lóṣù tó kọjá, mo ra ìwé àlòkù kan ní sẹ́fà 1,500 fún ọmọ ọmọ mi tó wà ní CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: Les Royaumes du Nord, tí Philip Pullman, ará Ìlú Ọba, kọ́kọ́ gbé jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1995. Mo rò pé ìtàn ẹranko bíi ti Ìjàpá ni.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Ní ayé Lyra, ọmọbìnrin inú ìtàn náà, ẹ̀mí ènìyàn kì í gbé inú ara. Ẹranko ni, ó sì ń bá olúwa rẹ̀ rìn. Ti ọmọdé a máa pa àwọ̀ dà. Ọmọ mi ní ọ̀kẹ́rẹ́ ni tòun ìbá jẹ́.

Àfi ìgbà tí a dé ibi tí Lyra ti rí Tony Makarios. Àwọn àgbàlagbà ti gé ọmọ náà kúrò lára ẹranko rẹ̀. Inú ahéré tí wọ́n ti ń sá ẹja ló ká jọ sí, ó di ẹja gbígbẹ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Ilẹ̀ kò mọ́ bá a. Wọ́n gba ẹja náà lọ́wọ́ òkú, wọ́n jù ú fájá. Lyra bínú gidigidi. Ó fi ọ̀bẹ họ orúkọ ẹranko náà sára owó wúrà, ó fi sí òkú lẹ́nu. N kò lè ka ìlà tó kàn. Ọmọ mi sún mọ́ mi, ó ní: "Ìyá àgbà, kí ló dé tí wọn ò fi ẹja náà sílẹ̀ fún un?"

N kò ní kí ọmọdé má ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìyá ìyá mi kò fi pamọ́ fún wa pé lọ́dún 1886, ogun Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ Kétu, wọ́n sì kó ènìyàn wa lẹ́rú. Ṣùgbọ́n orí wa wà lórí itan rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Ìwé kò ní itan. Nítorí náà, bí ẹ bá ń yin ìwé ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó kà á dé òpin ló kọ ọ́, kó sọ fún òbí èyí tó yẹ kí wọ́n jókòó ti ọmọ kà.

Èmi ti dá a kà tán lóru. Mo ti mọ ohun tó dé bá Roger, ọ̀rẹ́ Lyra. Ọmọ mi kò tíì mọ̀. Alẹ́ Sátidé tó ń bọ̀ la ó débẹ̀.

Ìyá àgbà aránṣọ kan,
Kétu