Ọkọ̀ ara mi, ọgbà ara mi, kí ni mo fẹ́ san ìtanràn sí?

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi àwọn aláṣẹ léèrè: láti ìgbà wo ni títún ọkọ̀ ẹni ṣe nínú ọgbà ẹni ti di ẹ̀ṣẹ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú? Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni àwọn ọkùnrin mẹ́ta já wọlé mi, wọ́n ní mo ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì láàárín ìlú, kí n san ₦20,000. Abẹ́ ọkọ̀ ni mo wà, gíábọ́ọ̀sì, irin wúwo tí gíá ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, lé mi láyà. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni wọ́n rí, ẹsẹ̀ ọ̀hún náà ni wọ́n sì ń bá wí.

Gààrí ni mo ń fi píkọ́ọ̀pù Toyota mi àtijọ́ kó wá sí ọjà Òkè-Ajé. Ẹ̀yin tó ń ná ọjà Ìjẹ̀bú-Òde mọ bí ọ̀nà oko ti ń rí bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ Ajé, kòtò ẹlẹ́rẹ̀ kan mú mi, àpò gààrí 14 wà lẹ́yìn ọkọ̀. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀ bí a bá fẹ́ yí gíá, mo jù ú sílẹ̀ díẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́, títí òórùn fi gba imú mi. Ẹni tó bá ti gbóòórùn yẹn rí kò jẹ́ gbàgbé. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ. Okùn ni wọ́n fi wọ́ mi délé. (Ọmọ mi ní ẹsẹ̀ tí mo máa ń gbé lé kílọ́ọ̀ṣì ṣáá ló fà á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ṣé èmi ni mo gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà?)

Tẹ́lẹ̀, mẹkáníìkì mi ò jìnnà sílé mi ju ojúlé mẹ́rin lọ. Àwọn aláṣẹ lé àwọn mẹkáníìkì lọ sẹ́yìn odi. Láti wọ́ ọkọ̀ débẹ̀ lásán, ₦15,000, owó iṣẹ́ ṣì wà lọ́tọ̀. Ni mo bá ní ká ṣe é nílé.

Mo kọ́ iṣẹ́ náà fọ́dún méjì ní Ṣàgámù kí n tó gba oko lọ. Mo tú orí bátìrì, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí pùròpẹ́là, irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn, ti so pọ̀ kí n tó tú u. A fi jáàkì gbé ọkọ̀, a to pákó nínípọn sábẹ́ rẹ̀, torí ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan ń wá ikú. A fi okùn sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ sórí ògbólógbòó táyà. Pléètì kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ dé orí ìṣó, ó ti ń ha fíláwíìlì, irin róbótó ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tí pléètì ń lẹ̀ mọ́. Irin tí wọ́n fi ń mú pléètì tuntun dúró láàárín gbùngbùn kò sí lọ́wọ́ wa, ni mo bá gbẹ́ èèkù ọkọ́ kan, mo fi téèpù wé e títí ó fi ṣe wẹ́kú ihò àárín pléètì náà. A ti ń dá gíábọ́ọ̀sì padà kí àwọn alágbára tó dé.

Ẹni tó fi ọ̀nà sílẹ̀ kò san ìtanràn. Ẹni tó lé mẹkáníìkì kò san. Èmi tí mò ń tún ọkọ̀ ara mi ṣe nínú ọgbà ara mi ni kí n san! Bí Ojúde Ọba bá ń bọ̀, ẹ máa rí i bí ìgboro ṣe ń dán. Ta ló rántí ọ̀nà oko? Ọkọ̀ ọtomátíìkì ni àwọn ọ̀gá ń gùn, ẹsẹ̀ òsì wọn ò níṣẹ́ kankan, níbo ni wọ́n ti fẹ́ mọ̀?

Àbá mi rèé: kí wọ́n gbẹ́ kòtò fún wa. Kì í ṣe irú èyí tó wà lójú ọ̀nà o. Kòtò oníkọnkéré tó jìn dé àyà èèyàn, tó ní àtẹ̀gùn, kí wọ́n fi páànù bò ó, kí irin wà lókè tí a lè so ṣéènì ìgbẹ́ńjìnnì kọ́. Kí ó wà nínú gáréèjì ìlú kọ̀ọ̀kan, kí a máa sanwó wákàtí, kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ. Kí dúrọ́ọ̀mù wà níbẹ̀ fún ọ́ìlì dúdú, torí bí wọ́n bá ní ọ́ìlì tó ń dà sílẹ̀ ń ba ilẹ̀ jẹ́, mi ò jiyàn rẹ̀. ₦1,000 ní wákàtí kan, tayọ̀tayọ̀ ni màá fi san án. Mẹkáníìkì tí kò ní ṣọ́ọ̀bù á lò ó, ọlọ́kọ̀ bíi tèmi á lò ó, kò sì ní sí gíábọ́ọ̀sì láyà ẹnikẹ́ni.

Kí wọ́n dí àwọn kòtò ojú ọ̀nà oko. Kí wọ́n sì gbógun ti ayédèrú pléètì kílọ́ọ̀ṣì lọ́jà.

Ọkọ̀ mi ti ń rìn láti ọjọ́ Sátidé. Ìwé ìtanràn wọn ṣì wà níwájú gíláàsì rẹ̀. Mi ò tíì san, mi ò sì ní san.

Èmi ni tiyín,
Ọlọ́kọ̀ gààrí, Ìjẹ̀bú.