Inú rírun kọ́ ni gbogbo ẹ̀ ń jẹ́ ọ́sà

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú ewé ìlera yín la máa ń kà fún màmá wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ inú rírun níbẹ̀, ọ́sà náà ni ṣáá, ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí.

Àbúrò mi ọkùnrin, mẹkáníìkì ni, ọdún 42. Tó bá jẹun báyìí, kì í tó wákàtí kan tí inú á fi bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, á ká jọ sórí àga, òógùn á máa bò ó. Gbogbo wa ní ọ́sà ni, kẹ́mísì náà ní ọ́sà ni, ọsibítù tá a kọ́kọ́ lọ fún un lóògùn ọ́sà, ẹ sì mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ pé ọ́sà ò fẹ́ ebi, la bá ń bá a jà pé kó jẹun. Èmi gan-an dúró tì í lọ́jọ́ kan pé kò ní dìde àfi tó bá jẹ àmàlà yẹn tán. Àṣé oúnjẹ yẹn ló ń dá a lóró. Ó ń rù, bípì ẹ̀ ga, sálúbàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀ kò sì ní mọ̀, a ò ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ inú. Oṣù 4 kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ dúdú, lóru ọjọ́ kan ikùn ẹ̀ le gbagidi, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé ibi tó ti kú lára ìfun ẹ̀ kúrò.

Polyarteritis nodosa ni wọ́n pè é. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìfun ló ń wú nínú, ọ̀nà ẹ̀ á wá há. Téèyàn bá jẹun, ìfun á fẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí i, kò ní rí i gbà, ìdí tí inú fi ń run ún nìyẹn, tó bá sì pẹ́ ìfun náà lè kú tàbí kó lu. Àìsàn ọ̀hún ò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tòní: Kussmaul àti Maier, dókítà méjì ní Freiburg ní Jámánì, ti kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1866, télọ̀ ọmọ ọdún 27 kan ló ṣe, inú ń run òun náà.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé hepatitis B tó ń mú ẹ̀dọ̀ lè fà á. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi wò, ó wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa. Àrùn iṣan yẹn kì í ràn, hepatitis B ló ń ràn, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ ẹ̀ wà tí wọ́n ń fún ọmọ tuntun láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i. Gbogbo ilé la ti lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì. Òun náà wà lórí oògùn, ó ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀, a dúpẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún dókítà tó ń kọ ojú ewé yẹn kí wọ́n kọ ọ́ gbàǹgbà pé ẹni tí inú ń run lẹ́yìn oúnjẹ, tó tún ń rù, kí wọ́n má fi àgbo àti oògùn ọ́sà dá a dúró sílé bíi tiwa.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.