Títú Ojú Ìrán Kò Bu Iṣẹ́ Kù

Sí Olóòtú,

Ó wù mí bí àwọn aránṣọ Ìbàdàn ṣe ń fi àjákù àǹkárá láti Gbági rán aṣọ ìbora alábùlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń wú, torí wọn kì í yẹ ojú aṣọ, ìyẹn apá òkè tí wọ́n fi àjákù rán pọ̀, wò kí wọ́n tó tẹ́ òwú sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ẹ̀rọ yóò bo àṣírí náà ń tan ara rẹ̀ ni, nítorí ńṣe ni ẹ̀rọ yóò máa ti aṣọ tó pọ̀jù síwájú títí yóò fi ká léra.

Kí a tẹ́ ojú aṣọ náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí a sì fi téèpù wọn ẹ̀gbẹ́ àti àárín rẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ bá gùn ju àárín lọ, kí a tú etí tí a rán mọ́ ọn, kí a gé e bá ìwọ̀n àárín, kí a fi píìnì mú un káàkiri, kí a tó tún un rán. Wíwú díẹ̀ lára aṣọ olówùú a máa rọlẹ̀ bí a bá wọ́n omi sí i, tí a sì gbé áyọ́ọ̀nù lé e láìwọ́ ọ. Pọliẹ́sítà kì í gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ yín ní títú pẹ̀lú rírán.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn