Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ lórí ìwé mẹ́ta tó ní kí n bá òun dì

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo ti parí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti àkọ́kọ́ ló fún mi níṣẹ́ jù, torí gbogbo gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbẹ, ojú ìwé tó sì ti já kúrò lára rẹ̀ kò níye kí o tó fi rọ́bà so ó. Mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an, mo fi páálí líle àti aṣọ pupa bò ó. Àwọn méjì yòókù kò le tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò sọ fún ọ lórí fóònù ni pé mo kà wọ́n. O mọ̀ pé bí mo bá ń dìwé, nọ́ńbà ojú ìwé nìkan ni mò ń wò, kí n má baà to 48 síwájú 47. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ti Suzanne Collins yìí náà nìyẹn, àfi ìgbà tí ilẹ̀ ṣú mọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Màmá rẹ pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Mo ti gbọ́ gbogbo ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí wọn. O ní The Hunger Games ló dára jù, Catching Fire dùn, ṣùgbọ́n Mockingjay ni òǹkọ̀wé ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. O ní Katniss, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé, Gale ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣọdẹ ló yẹ kó fẹ́. O ní ká ní ìwọ ni, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ dé Capitol, olú ìlú àwọn tó ń jọba lé wọn lórí, lo máa ti ta Ààrẹ Snow lọ́fà. Mo rẹ́rìn-ín síyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo ní láti bá ọ sọ kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń fi ohùn sọ lójú ọ̀nà Dùgbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Jẹ́ n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọkọ kúrò níbẹ̀. Ní tèmi o, Peeta ọmọ oníbúrẹ́dì ni. Ọmọ tó jọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí búrẹ́dì jóná, tí ìyá rẹ̀ gbá a lójú nítorí ẹ̀, tó wá jù ú sí ọmọ tí ebi ń pa nínú òjò, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo máa gbé ọmọ mi fún. Màmá rẹ ní Gale rẹwà jù nínú fíìmù. Ìyẹn kọ́ là ń sọ.

Ibi tí èmi ti gbé ìwé sílẹ̀ tí mo mí kanlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkà àti òróró, ìwọ ò sì mẹ́nu bà á rárá. Gbogbo ọmọ tó wà láàárín ọdún 12 sí 18 ní agbègbè méjèèjìlá ni wọ́n ń ṣẹ́ gègé lé lórí, ọkùnrin kan, obìnrin kan láti agbègbè kọ̀ọ̀kan, kí àwọn 24 náà lọ pa ara wọn lójú tẹlifíṣọ̀n títí á fi ku ẹnì kan. Ẹ̀ẹ̀kan ni orúkọ ń wọlé ní ọdún 12, ẹ̀ẹ̀méjì ní 13, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Àmọ́ tí ebi bá ń pa wọ́n nílé, ọmọ náà lè ní kí wọ́n tún fi orúkọ òun kún un, kí wọ́n fún òun ní ọkà àti òróró tí ẹnì kan á máa fi ra ọ̀fun fún ọdún kan. Nígbà tí Katniss fi máa pé ọdún 16, orúkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ nígbà 20. Ti Gale jẹ́ 42. Ọmọ olórí ìlú wọn kò lè ní ju márùn-ún lọ.

Kò sẹ́ni tó na Katniss kó tó kọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tó dá ebi sílẹ̀ náà ni wọ́n gbé ìwé wá pé kó fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, ìrẹsì ìgbà ìbò tó kọjá ló wá sí mi lọ́kàn, èyí tí wọ́n di sínú ọ̀rá tí wọ́n tẹ àwòrán ọkùnrin kan sí. Dìbò kó o sebẹ̀. O rántí? Mo bínú lọ́jọ́ náà, mo sọ̀rọ̀ gan-an, màmá rẹ sì sè é, mo sì jẹ ẹ́. Gale rí ìtumọ̀ rẹ̀ ju èmi lọ: ó ní wọ́n ṣe é kí ẹni tí ebi ń pa lè máa kórìíra ẹni tó jẹun yó ládùúgbò kan náà, kí àwọn méjèèjì má ráyè wo òkè. Ọmọ náà gbọ́n. Mi ò sọ pé kò gbọ́n.

Collins ti sọ bí ìtàn náà ṣe kọ́kọ́ wọ òun lọ́kàn. Ó ní òun ń yí tẹlifíṣọ̀n kiri lálẹ́ ọjọ́ kan, níbì kan àwọn ọ̀dọ́ ń bá ara wọn du ẹ̀bùn, níbòmíràn wọ́n ń fi ogun Ìráàkì hàn, àwòrán méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà pọ̀ lójú òun. Ó yé mi. Nígbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn níbí ní 1959, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, bàbá mi ní ojú fèrèsé olówó làwọn máa ń dúró sí láti wò ó, tẹ́ni tó nilé bá sì ti fa kọ́tìnì, ó parí nìyẹn. Lónìí, kálukú ló ní tiẹ̀ lápò, kò sì sí kọ́tìnì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fídíò tó o fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ ti wọlé.

Mo wò ó tán. Ọmọ kékeré yẹn tí ẹ ní ó bu gààrí nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹlòmíràn, tí ẹ gbé abọ́ gààrí náà lé lórí, tó ń rìn lórí eékún láti ẹnu ọ̀nà dé ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ẹ ní kó máa dárúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú olè. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lo ní kó kúnlẹ̀. Mi ò tiẹ̀ rí ọ níbẹ̀, torí ẹ̀yìn fóònù lo wà. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rín rẹ, Àjọkẹ́. Nínú ọjà Bódìjà, bó o bá rẹ́rìn-ín, màá dá a mọ̀. O sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Dádì, ẹ wo eré."

Ọmọ náà kò wo ẹni tó ni gààrí rárá. Fóònù ló ń wò.

Ṣé o rántí Flavius, Venia àti Octavia, àwọn tó ń ṣe Katniss lóge ní Capitol? Wọn ò burú. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n tún ń sunkún nígbà tí wọ́n máa dá a padà sínú ìdíje. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tó kú, tara wọn ni wọ́n ń sọ: ibi tí wọ́n wà, ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, bí àyà ẹni yìí ṣe já. Èmi gbà pé àwọn mẹ́ta yìí ni òǹkọ̀wé fẹ́ ká wò dáadáa ju Snow lọ. Kò sí bí èmi tàbí ìwọ ṣe lè di Snow. Kò sówó, kò sí sójà. Ṣùgbọ́n láti di Octavia, dátà ìgba náírà ti tó.

Wá wo ibi tí Katniss ti tún rí wọn nínú ìwé kẹta tó o ní ó bàjẹ́. Agbègbè 13 ni, èyí tí gbogbo èèyàn rò pé ó ti run, lọ́dọ̀ àwọn olùdáǹdè, àwọn tó ní àwọn fẹ́ gba gbogbo ayé lọ́wọ́ Capitol. Inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ògiri. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Wọ́n mú búrẹ́dì tí kì í ṣe tiwọn.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo tún ojú ìwé náà kà. Mo wá rí i pé ìwé kẹta ni ìdí tí wọ́n fi kọ méjì àkọ́kọ́. Ìwọ ń fẹ́ kí Snow kú kí gbogbo wa sì máa jó lọ sílé. Collins kọ̀ fún ọ. Ó gbé Coin, olórí Agbègbè 13, jókòó síwájú rẹ, obìnrin tó mọ ètò, tí aṣọ rẹ̀ kò ní ẹrẹ̀, tó sì ní lẹ́yìn tí a bá ṣẹ́gun, ká ṣe ìdíje kan sí i, kí ó jẹ́ àwọn ọmọ Capitol ló máa kú lọ́tẹ̀ yìí. O bínú pé Katniss dìbò pé kí wọ́n ṣe é. Èmi ò rò pé ó ní in lọ́kàn rárá. Ó ń ra àyè tó máa fi dé iwájú obìnrin náà pẹ̀lú ọfà lọ́wọ́ ni, ọfà náà sì mọ ibi tó ń lọ.

Ní ti Gale tó o ń gbè lẹ́yìn, òun àti Beetee tó mọ ẹ̀rọ ni wọ́n jọ ronú bọ́ǹbù tó ń bú lẹ́ẹ̀mejì, àkọ́kọ́ fún ẹni tó wà níbẹ̀, èkejì fún ẹni tó bá sáré wá gbà á là. Irú rẹ̀ ló bọ́ sáàárín àwọn ọmọdé níwájú ilé Snow, bí ìgbà tí wọ́n ń ju ẹ̀bùn láti òkè. Prim, àbúrò Katniss, sáré wá tọ́jú wọn. Ọmọ tí Katniss tìtorí rẹ̀ fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdíje nínú ìwé àkọ́kọ́! Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un bóyá ti Gale gan-an ni. Gale ní òun náà kò mọ̀. Ta ló máa gbé irú ìyẹn wọlé ọkọ?

Ibì kan wà tí mo gbè ọ́ o. Katniss ń dákú jù nínú ìwé yẹn. Bí nǹkan bá ti ń gbóná báyìí, wọ́n á gbá a lórí, ó tún di orí bẹ́ẹ̀dì, ẹlòmíràn á wá máa ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Finnick tí gbogbo wa fẹ́ràn, kí n tó ṣí ojú ìwé kejì, ó ti kú. Mo rò pé mo ti rán ojú ìwé kan mọ́ra ni, mo padà lọ ka nọ́ńbà wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ó sì kàn ọ́ níbi tó o wà ní Adó yẹn. O ní ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé yàrá, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, kò fẹ́ kí ẹ ṣe fídíò náà, ó sì bá ọ jà pé, "Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn." O ní ó bú ẹ. Bóyá. Nílé wa, ìtàn Agbẹ́kọ̀yà ni a máa ń sọ fún ẹ̀yin ọmọ: bí àwọn àgbẹ̀ Àkànrán àti àyíká rẹ̀, pẹ̀lú Tàfá Adéoyè, ṣe kọ owó orí ní 1968 tí wọ́n dojú kọ ìjọba tó ní ìbọn. Bàbá mi àgbà wà lára wọn. Ìtàn yẹn gbè wá, ìdí nìyẹn tí kò fi sú wa. Nínú rẹ̀, àwa ni Katniss.

Èyí tí kò gbè wá, mi ò sọ ọ́ fún ọ rí. Nígbà tí Ìbàdàn jẹ gàba lórí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ajẹ́lẹ̀ la máa ń fi sí ìlú wọn. Ajẹ́lẹ̀ á gba ìṣákọ́lẹ̀, á tún gba ohun tó bá wù ú lé e, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa jẹ onílé níyà nínú ilé rẹ̀. Ní 1878, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tó wà nílùú wọn. Ohun tó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà ni ogun Kírìjí. Ògèdèǹgbé kó Èkìtì Parapọ̀, àwọn ọmọ ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀, wá kò wá lójú, Ààrẹ Látòósà olórí Ìbàdàn kú sí ibùdó ogun ní 1885, wọn ò sì tú ibùdó ká títí di 1893. Orúkọ tí ìwé rẹ pe àwọn ọmọ 24 yẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì, tribute, ṣé o mọ̀ pé ìṣákọ́lẹ̀ náà ni? Bí wọ́n bá kọ irú ìwé yìí ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú wa ni Capitol. Ìbàdàn mesìọ̀gọ̀, níbi olè gbé ń jàre olóhun: oríkì tí à ń fi yangàn nìyẹn, ṣùgbọ́n bóyá olóhun tó ń gbé ní Òkè-Ìmẹ̀sí kò gbọ́ ọ bí oríkì. Má bá ọmọ yẹn jà. Ní kó sọ ìtàn náà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn, kí o sì dákẹ́ títí á fi parí rẹ̀.

Fídíò yẹn, pa á rẹ́. Ní kí àwọn tó o fi ránṣẹ́ sí náà pa á rẹ́. Mo mọ̀ pé wọn ò ní pa á rẹ́ tán, sọ fún wọn bẹ́ẹ̀ náà.

Àwọn ìwé tuntun tó o ní kí n bá ọ rà, èyí tó jáde ní 2020 àti ti 2025 tó sọ nípa Haymitch, ẹni tó kọ́ Katniss àti Peeta fún ìdíje náà, mo ti béèrè iye wọn. Màá rà wọ́n. Tún ìwé kẹta kà ná. Ní ìparí rẹ̀, Katniss, Peeta àti Haymitch kó bébà jọ, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rántí nípa gbogbo ẹni tó kú, wọ́n sì ń fi omi iyọ̀ di àwọn ojú ìwé náà. Omi iyọ̀ kò lè di ìwé o, ẹni tó ń dìwé ló ń sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni omi bọ́ lójú mi, mo sì rán bébà funfun mẹ́jọ mọ́ ẹ̀yìn tìrẹ, bóyá o máa rí nǹkan kọ sí i.

Dẹ́rẹ́bà tó ń ná Adó láti Ìwó Road ni mo fi wọ́n rán, á pè ọ́ tó bá dé. Mo fi gààrí Ìjẹ̀bú kóńgò méjì sínú báàgì náà. Ọ̀kan ni tìrẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.